Lábù ní ìtọ̀ mọ́, àmọ́ abẹ́ ìhà ṣì ń dùn ún

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ará ilé, tí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín bá ní ìtọ̀ ṣúgà tí ò gbọ́ oògùn, àbí ó ti ń lo stẹ́rọ́ìdì tipẹ́, àbí ó ń gba kẹ́mò (oògùn jẹjẹrẹ), àbí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún un, tiyín nìyí o.

Àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì (ẹ̀bu) kan wà tí wọ́n ń pè ní Mucorales, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, inú ìgbẹ́ ẹran, èso tó jẹrà, búrẹ́dì tó ti bu. Gbogbo wa là ń fà á símú, kì í ṣe wá ní nǹkan kan, àmọ́ tí sójà ara bá ti rẹ̀, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín, á dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pa, ẹran ibẹ̀ á sì máa kú. Kì í ràn, kò sì wọ́pọ̀ rárá, ẹ má torí ẹ̀ sá lóko, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé kì í fi nǹkan falẹ̀.

Kí lẹ máa rí? Ibà tí oògùn ibà àti ántíbáyótíìkì ò ká, abẹ́ ìhà lápá ẹ̀yìn á máa dùn, ìtọ̀ á pupa bíi zobo tàbí kó dín kù.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ rèé: wọ́n á gbé ìtọ̀ lọ sí lábù, lábù á ní àwọn ò rí nǹkan kan, kálukú á gbalé lọ. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí kì í sábà hù nínú ìtọ̀ jàre! Skáànù CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara, ló máa ń fi hàn pé kíndìnrín wú tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dé apá kan mọ́, lẹ́yìn náà dókítà á fi abẹ́rẹ́ mú ẹran bíńtín níbẹ̀, wọ́n á wá fọ́nrán fọ́ńgọ́ọ̀sì náà tó fẹ̀ nínú ẹran yẹn. Kí dókítà kọ ọ́ sí ìwé lábù pé fọ́ńgọ́ọ̀sì làwọn ń wá, torí tí wọ́n bá lọ ẹran yẹn kúnná, fọ́ńgọ́ọ̀sì náà lè kú kó tó hù, ńṣe ni wọ́n ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́.

Candida, fọ́ńgọ́ọ̀sì míì, ní tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ lójú ara kó lè tọ̀, wọ́n lè rí i nínú ìtọ̀ ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣàìsàn, kí wọ́n yọ rọ́bà yẹn tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ẹ má lọ ra fluconazole, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, ní kẹmíìsì o, kò ran Mucorales. Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì míì, Amphotericin B, ni wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ọsibítù, nígbà míì wọ́n á yọ kíndìnrín tó bàjẹ́ náà. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ọsibítù, ẹ kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò dání, ẹ sì sọ ọ́ tó bá jẹ́ òun ló ń ro ààtàn tàbí kó ìgbẹ́ adìẹ.