Bí mo ṣe kó màlúù bàbá mi wọ ọgbà l'Òṣíẹ̀lẹ̀

Màlúù márùn-ún ni bàbá mi ní sí oko wa lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀dẹ̀dá. Ọmọ Fúlàní tó ń bá wa dà wọ́n ti padà sílùú rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá mi náà ò sì gbé e dé oko mọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n di ẹran ìgbẹ́. Nígbà tí mo fi débẹ̀, eégbọn ti bo etí àti abẹ́ ìrù wọn, dókítà ẹran sì ní òun ò lè gún ẹran tó ń sáré lábẹ́rẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìwà òmùgọ̀ ni. Mo kó ọmọkùnrin mẹ́fà jọ, pẹ̀lú okùn àti ọ̀pá. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, bá wa lọ. Ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi ń pariwo, "Ẹ gbá a mú! Ẹ dí i lọ́nà!" Abo funfun tó lọ́mọ lẹ́yìn fo wáyà ẹlẹ́gùn-ún bí ìgalà, ó di inú oko ẹ̀gẹ́ ìyá kan. Ẹgbẹ̀rún 25 náírà ni mo fi bẹ ìyá náà.

Ọkùnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní odò ẹran Lafẹ́nwá ló là mí lójú. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ lé wọn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wọlé."

Àpáta ńlá kan wà létí oko wa (Abẹ́òkúta náà kúkú ni), ó ga ju orí èèyàn lọ. Mo fi ṣe ògiri ẹ̀gbẹ́ kan fún ọgbà tí mo fẹ́ kó wọn sí, mo fi òpó igi mẹlaína àti ọparun ṣe ìyókù. A ri òpó náà wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ọgbà náà sì ga dé àgbọ̀n mi. Ẹ fara balẹ̀ síbí: inú ni kí ẹ ti de ọparun mọ́ òpó, kì í ṣe ìta. Bí màlúù bá fi igbáàyà tì í láti inú, ṣe ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó. Èyí tí wọ́n dè níta, bó bá tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti já. Mo tú àpò ìrẹsì, mo fi bo ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kí wọ́n má baà máa rí ìta kí wọ́n sì fẹ́ gba ibẹ̀ lọ. Mo fi àlàfo kan sílẹ̀ tí èèyàn lè fẹ̀gbẹ́ gbà jáde bí ẹran bá dojú kọ ọ́. Bàbá Kékeré ní ojo ni mí.

Oúnjẹ ló kù. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí nítòsí ń fún mi ní èèpo ẹ̀gẹ́. Èèpo tútù ní májèlé nínú, nítorí náà mo máa ń sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ, kí n tó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Mo kọ́kọ́ dà á sílẹ̀ jìnnà sí ọgbà, mo sì kúrò níbẹ̀. Lójọ́ kẹrin mo gbé e dé ẹnu géètì, lójọ́ keje ó ti wọ inú. Ọmọ màlúù ló kọ́kọ́ wọlé, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú burúkú. Lójọ́ kẹwàá mẹ́rin wà nínú, mo rọra ti géètì.

Ó ku akọ pupa. Èyí ló gbà mí ní òwúrọ̀ kan gbáko, nítorí mi ò fẹ́ kó di ọ̀sán tí àwọn tó ń fọ́ òkúta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tù yin àpáta. Kò sẹ́ni tó gbé ọ̀pá, kò sẹ́ni tó pariwo, a sì ti so ajá mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú màlúù wà. Ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni kí ẹ má ṣe dúró sí, nítorí yóò yí padà wá yín tàbí kó ta yín nípàá. Ó sì ní ààlà tí kò fẹ́ kí èèyàn ré kọjá. Mo bá rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, díẹ̀ sẹ́yìn èjìká. Mo tẹ ààlà náà, ó gbéra síwájú. Mo fà sẹ́yìn, ara rẹ̀ balẹ̀. Bí mo bá ṣèèṣì ré èjìká rẹ̀ kọjá, á padà sẹ́yìn. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, mo tẹ̀, mo fà, títí a fi dé ẹnu géètì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó láti inú.

Ó dúró. Ó gbé imú sókè, ó fẹ́ yí padà. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ìgbà kẹta ni mo wo ibi tó ń wò: Bàbá Kékeré ti fi fìlà abetí-ajá rẹ̀ kọ́ orí òpó géètì, etí fìlà méjèèjì ń mì lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́, òjìji rẹ̀ sì ń jó nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi mú un kúrò. Wọ́n mú un. Akọ pupa mí kanlẹ̀, ó sì wọlé bí ẹni tó ń wọ ilé àna.

Lọ́jọ́ kejì dókítà dé. Ọ̀nà tóóró tí a ṣe sẹ́yìn ọgbà, tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ, la gbà wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń fi igi dábùú ẹ̀yìn ẹran kí ó má baà padà. Ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ eégbọn àti aràn, kò gba wákàtí kan. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ pa èyíkéyìí jẹ fún ọjọ́ 35 nítorí oògùn tó wà lára wọn.

Bàbá Kékeré gbé fìlà rẹ̀ dé, ó ní kí n bá òun wo kàlẹ́ńdà lórí fóònù mi. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ n'Ítòkò ku ọjọ́ 31.