Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹja Tó Máa Bá Ara Wọn Gbé Nínú Táǹkì Kékeré

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde, bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ẹja inú táǹkì rí, ilé ló yẹ kẹ́ ẹ ti mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Torí tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù láìmọ nǹkan tẹ́ ẹ wá rà, àwọ̀ ló máa fà yín lójú, ẹ ó ní kí wọ́n bá yín kó pupa méjì, dúdú méjì, èyí tí ìrù ẹ̀ gùn méjì, ẹ ó dà wọ́n pọ̀ sójú kan, wọ́n á wá máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn àwọn ẹja yìí gan-an, ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá kú irú ikú bẹ́ẹ̀, torí ẹ ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí omi tí táǹkì yín ń gbà ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi téèpù wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, ẹ wá fi 1,000 pín in. Táǹkì 60 × 30 × 30 á fún yín ní 54 lítà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti da yanrìn sí i, tẹ́ ò sì rọ omi kún dé ẹnu, á kù bíi 45. Irú táǹkì yẹn ni mò ń sọ. Abọ́ gíláàsì róbótó tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ omi yín wò, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò kọjá. Ẹ ki tẹmómítà bọ omi láàárọ̀, ẹ tún wò ó lọ́sàn-án. Lọ́dọ̀ tiwa, Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, omi tí kò ní híítà rárá sábà máa ń wà láàárín 26 sí 30 dígírì, ìyẹn nìkan ti yọ ẹja kan kúrò, goldfish, torí omi tútù ló fẹ́, ó sì máa ń dàgbà kọjá 20 sẹ̀ǹtímítà. Neon tetra náà, omi tó tó 22 sí 25 ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Cardinal tetra tó jọ ọ́ ni kẹ́ ẹ wá, odò Rio Negro ní Bràsíl ló ti wá, ara ẹ̀ gba ooru ju ti neon lọ. Ẹ wo ilà pupa ara wọn dáadáa kí wọ́n má bàa ta neon fún yín lórúkọ cardinal: ti neon, àárín ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí ìrù, ti cardinal gba gbogbo ara láti orí dé ìrù.

Ẹ tún rántí pé omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn tó omi tútù, tí wọ́n bá wá mú iná lọ, tí fílítà tó ń sẹ́ omi dúró, táǹkì tí ẹja kún fọ́fọ́ ló máa kọ́kọ́ rí ìjàǹbá. Ẹ ra pọ́ǹpù atẹ́gùn tó ń lo bátìrì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹja yín mọ níwọ̀n.

Omi líle ńkọ́? Ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú omi tẹ́ ẹ fẹ́ lò, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nínú ẹ̀. Omi tí ọṣẹ ò hó nínú ẹ̀, tó sì ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tù, ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní guppy àti platy ló ni ín. Tí ọṣẹ bá ń hó yẹ̀ẹ̀, ẹ lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tetra.

Ó wá kan ẹja fúnra ẹ̀. Ẹ má wo bó ṣe tó ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọdé ni wọ́n ń tà fún yín. Oscar tó dà bí ìka ọwọ́ lónìí máa kọjá 30 sẹ̀ǹtímítà, pleco lásán tí wọ́n ní ó ń jẹ ìdọ̀tí lè ju 40 lọ. Angelfish á ga tó 15, tó bá sì dàgbà, á gbé tetra kéékèèké mì, torí ẹja tó bá ti wọ ẹnu ẹja míì, oúnjẹ ni. Ẹ má sì gbé ọmọ epiyà tàbí àrọ̀ láti oko ẹja wá sínú ẹ̀, jọ̀ọ́.

Ìwà náà wà ńbẹ̀. Tiger barb máa ń já ìrù ẹja tó bá gùn, guppy ò lè bá a gbé. Akọ betta méjì ò gbọ́dọ̀ wà nínú omi kan, wọ́n á jà dójú ikú, akọ betta sì lè rí ìrù guppy kó rò pé akọ bíi tòun ni. Àwọn tetra àti corydoras, ẹja kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ omi, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó, mẹ́fà ó kéré tán, tí wọ́n bá jẹ́ méjì ẹ̀rù á máa bà wọ́n ṣáá. Guppy kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, torí náà akọ nìkan ni kẹ́ ẹ rà tẹ́ ò bá fẹ́ kí táǹkì kún.

Tó bá jẹ́ èmi, fún 54 lítà, omi líle, màá kó akọ guppy mẹ́fà, ó parí. Fún omi tí ọṣẹ ń hó nínú ẹ̀, akọ betta kan pẹ̀lú ember tetra mẹ́jọ, ẹja pupa kékeré tí kì í ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kribensis, akọ kan abo kan. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, àwọn odò gúúsù Nàìjíríà ló ti wá, ooru wa ò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ mú eèpo àgbọn, ẹ ha inú ẹ̀ mọ́, ẹ sè é dáadáa, ẹ gé ojú ọ̀nà kékeré sí i, ẹ dà á dé sórí yanrìn. Tó bá yá, ikùn abo á pọ́n dẹ́dẹ́, á máa tẹ ara ẹ̀ fi ikùn han akọ, wọ́n á wọnú àgbọn lọ yé ẹyin, àtìyá àtibàbá ló sì ń ṣọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá ti ń ṣọ́ ọmọ, wọ́n á máa lé ẹja tó bá wà nísàlẹ̀, torí náà ẹ má kó corydoras tì wọ́n, cardinal mẹ́fà tó ń wẹ̀ lókè ti tó.

Kẹ́ ẹ tó ra ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí fílítà ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i, kí bakitéríà tó ń jẹ oró inú ìgbẹ́ ẹja lè dàgbà. Ẹ fi test kit, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, wò ó, ammonia àti nitrite, oró tí mo ń sọ yẹn, gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo méjèèjì. Omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ fi oògùn pa klórín inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fún ẹja lóúnjẹ lójú yín. Èyí tí kò wá jẹun, èyí tí ikùn ẹ̀ ti wọnú, èyí tí nǹkan funfun bí iyọ̀ wà lára ẹ̀, ẹ má rà á, ẹ má sì ra èyíkéyìí tó wà nínú omi kan náà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá léfòó nínú táǹkì fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ máa bu omi táǹkì sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ wá fi àwọ̀n kó ẹja, ẹ da omi ṣọ́ọ̀bù nù. Ẹ má kó gbogbo wọn wọlé lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín, àwọn jẹ́jẹ́ ni kó ṣáájú, betta tàbí kribensis ni kó gbẹ̀yìn kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn ló nilé.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Tẹ́ ẹ bá rí ẹja tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò wá jẹun, tàbí tí ìrù ẹ̀ ti ń fà ya, ẹ yọ èyí tó ń lé e kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an.