Iná lọ, NetHack kú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀dà 3.4.3

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń lo láptọ́ọ̀pù àlòkù ṣì di géèmù NetHack 3.4.3 mú. Oṣù Kejìlá ọdún 2003 ló jáde, ó sì di Oṣù Kejìlá ọdún 2015 kí àwọn tó ń ṣe é tó gbé 3.6.0 síta, nítorí náà ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó fúyẹ́, kì í jẹ dátà, ọ̀fẹ́ ni. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ìwọ ni àmì @, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń rìn kiri lójú kọ̀ǹpútà fẹ́ pa ọ́, o sì ń sọ̀kalẹ̀ láti àjà dé àjà nínú ilẹ̀ láti wá Amulet of Yendor. Bó o bá kú, ó parí nìyẹn, o máa tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń bi mí nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Valkyrie mi, jagunjagun tí mo fi ń ṣeré, ti dé àjà kẹjọ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, bó ṣe ṣókùnkùn lójijì nìyẹn. Nígbà tí iná dé, géèmù náà ní "There is already a game in progress under your name", ó wá ń bi mí pé "Destroy old game?" Kí ni kí n tẹ̀?

Ìdáhùn: n ni kó o tẹ̀! Má fọwọ́ kan y rárá. Valkyrie rẹ ò tíì kú.

Bó o ṣe ń ṣeré lọ, NetHack ń kọ àjà kọ̀ọ̀kan tó o ti dé sínú fáìlì kékeré kan. Orúkọ rẹ ló máa ń wà lára wọn, nọ́ńbà á wá tẹ̀ lé e: .0, .1, .2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ní .0 ló mọ bí wọ́n ṣe máa to gbogbo ìyókù padà. Ìgbàkígbà tó o bá ti àjà kan bọ́ sí òmíràn ló ń tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Nígbà tí iná lọ láìròtẹ́lẹ̀, kò ráyè kó wọn kúrò, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ bí ẹrù ẹni tó sá fi ilé sílẹ̀.

Kọ́kọ́ kọ́pì gbogbo wọn sí fódà mìíràn, kí àṣìṣe má bàa sọ ọ́ di ẹkún. Lẹ́yìn náà, ṣí ojú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, wọ inú fódà tí àwọn fáìlì náà wà, kọ recover, fi àyè sílẹ̀, kó o wá kọ ohun tó wà níwájú .0 láìkọ .0 fúnra rẹ̀. Lórí Linux, nọ́ńbà rẹ lórí kọ̀ǹpútà máa ń ṣáájú orúkọ, nítorí náà bó bá jẹ́ 1000Bola.0 lo rí, recover 1000Bola lo máa kọ. Bó bá ti ṣe é tán, àwọn fáìlì kéékèèké á lọ, ẹyọ kan tí géèmù lè ṣí á rọ́pò wọn. Fi orúkọ kan náà wọlé. Wàá bá Valkyrie níbi tó dúró sí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àjà kẹjọ. Ohun tó o ṣe láti ìgbà yẹn títí iná fi lọ ti sọnù. Bó o bá ti mú ọ̀pá idán kan níbẹ̀, lọ tún un mú.

Lórí Windows, géèmù náà lè fúnra rẹ̀ bi ọ́ pé "Recover?" Ìyẹn ni kó o tẹ y fún. Ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa o: y ti Recover ń jí òkú dìde, y ti Destroy ń sin èèyàn láàyè. Kó o tún tẹ O nínú géèmù, kó o wò ó bóyá checkpoint, ètò tó ń ṣe àkọsílẹ̀ yẹn, ṣì wà ní títàn. Bí ẹnì kan bá ti pa á, recover ò ní rí nǹkan kan gbà là.

Ìbéèrè: Mo ti tẹ y kí n tó ka èyí.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́. Ó ti lọ.

Ìbéèrè: Mo fi S tọ́jú géèmù mi, mo ṣí i padà lọ́jọ́ kejì, mo ṣeré díẹ̀, mo kú. Nígbà tí mo wá fáìlì tí mo tọ́jú, mi ò rí i mọ́. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni?

Ìdáhùn: Rárá. Bí NetHack bá ti ṣí fáìlì náà tán, ó ń pa á rẹ́. Ìsinmi ni S, kì í ṣe ẹ̀mí kejì. Bó o bá ń kọ́pì rẹ̀ pa mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ iná, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nítorí soldier ant tó pa ọ́ lánàá ni, ìwọ àti ẹ̀rí ọkàn rẹ ni. Má sì gbé fáìlì 3.4.3 lọ sínú 3.6, kò ní ṣí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọmọ-ọmọ mi ló fi eré yìí sórí kọ̀ǹpútà fún mi. Mo tẹ 8 kí n lè lọ sókè, kò mira. Mo wá tẹ j, ló bá rìn lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ! Nígbà mìíràn sì rèé, á kàn máa sáré títí á fi kan ògiri.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìgbádùn, bàbá. number_pad, ètò tó ń jẹ́ kí nọ́ńbà máa darí ìrìn, ló wà ní pípa, ìdí nìyẹn tó fi gbà pé "ẹ̀ẹ̀mẹjọ" lẹ fi 8 sọ. Ẹ kọ OPTIONS=number_pad:1 sínú defaults.nh bó bá jẹ́ Windows, tàbí .nethackrc bó bá jẹ́ Linux. Bí láptọ́ọ̀pù yín ò bá ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà: h ni òsì, j ìsàlẹ̀, k òkè, l ọ̀tún; y, u, b àti n ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti eré sísá yẹn, ẹ wo Caps Lock. Lẹ́tà ńlá ló ń mú un sáré.

Ìbéèrè: Mo gbá lẹ́tà e aláwọ̀ búlúù kan, kò sóhun tí mo lè ṣe mọ́, kí n tó mọ̀ mo ti kú. Ṣé géèmù há ni?

Ìdáhùn: Ìwọ lo há. Floating eye nìyẹn. Kì í lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bó o bá fi idà gbá a, ojú rẹ̀ á dè ọ́ mọ́lẹ̀, o ò ní lè mira, àwọn yòókù á wá jẹ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ju ọ̀bẹ lù ú láti òkèèrè tàbí kó o gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ pé o ò gbá nǹkan kan tí ojú Linux fi dúró gbagidi, Ctrl+S lo ṣèèṣì tẹ̀. Ctrl+Q á tú u sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ku díẹ̀ kí n kú, mo gbàdúrà, ó ní "You feel that Tyr is displeased." Kí ni mo ṣe fún Tyr?

Ìdáhùn: Tyr ni òrìṣà tí jagunjagun rẹ ń sìn nínú géèmù. O tètè pè é ni. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, òǹkà kan wà ní 300, ó sì ń fi nǹkan bí ẹyọ kan dín kù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wàhálà rẹ bá le, ìyẹn ni kí HP rẹ (ìwọ̀n ẹ̀mí tó kù fún ọ) má ju 5 lọ, tàbí kó má ju ìdá kan nínú méje gbogbo HP tó o lè ní, tàbí kí wọ́n kọ Weak nísàlẹ̀ nítorí ebi, Tyr á dáhùn bí òǹkà bá ti wà ní 200 tàbí kó kéré sí i. Hungry lásán ò tó. Lẹ́yìn àdúrà, òǹkà á tún fò sókè síbi tó bá wù ú. Èmi máa ń dúró 1000 ìgbésẹ̀. Kọ OPTIONS=time kó o lè máa rí T, iye ìgbésẹ̀ tó o ti gbé, nísàlẹ̀. Kó tó pé, tẹ E, tẹ -, kó o kọ Elbereth sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ló ń bẹ̀rù rẹ̀, àmọ́ @ àti minotaur ò kà á sí. Má sì dúró lórí rẹ̀ kó o máa fi idà jà, ẹsẹ̀ rẹ lè pa á rẹ́. Nínú 3.6, bó o bá ti kọlu ẹnikẹ́ni látorí rẹ̀, ó parẹ́ nìyẹn.