Ẹ Yé Fún Gìtá Béèsì Lọ́rùn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Onígìtá Tuntun

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé gìtá béèsì olókùn márùn-ún wá bá mi nílé n'Íbàdàn. Ó rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi bí ìgbà tí ìyá bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná síwájú nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn ẹ̀ ga jù, mo bá fún un díẹ̀. Ó kàn dún 'kó!' ni." Mo ṣí ìdérí kékeré tó wà lórí gìtá, mo ki Allen key, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà, bọ ihò. Ó ń yí gbirigbiri, kò mú nǹkan kan. Ọ̀pá irin inú ọrùn, tí à ń pè ní truss rod, ti já. Oṣù mẹ́jọ lọmọ yìí fi tu owó gìtá náà jọ.

Kì í ṣe ọmọ náà ni inú ń bí mi sí. Ẹni tó sọ fún un pé báyìí là ń rẹ okùn sílẹ̀ ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń fi béèsì jẹun, òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, tí n bá sì wà nílé, gìtá ẹlòmíràn ni mò ń tún ṣe. Àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi, owó ọmọ ọlọ́mọ sì ń ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n bí wọ́n ṣe wá sí mi lọ́kàn.

Èkíní, fífi ojú ra gìtá. Pé wọ́n kọ Fender sórí gìtá kò ní kó jẹ́ pé Fender ló ṣe é, pàápàá tí iye tí wọ́n pè é bá kéré bí ẹ̀bùn. Tí ẹ bá dé ọjà Alaba, ẹ gbàgbé àwọ̀ tó ń dán. Ẹ gbé gìtá náà sókè, ẹ di ojú kan, ẹ fi ojú kejì wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Tí ọrùn bá lọ́, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo fret, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí gbogbo okùn, kí ẹ sì yí gbogbo bọ́tìnì wò bóyá ó ń há. Ẹni tó bá ní kí ẹ má dán an wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Èkejì, olókùn márùn-ún tàbí mẹ́fà nígbà tí mẹ́rin ò tíì yé ọwọ́. Okùn karùn-ún yẹn, ohùn B, nǹkan bíi 31 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 31 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ óò wá ki í bọ ámpù kékeré tí sípíkà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8, ẹ ó sì máa béèrè ìdí tí béèsì yín kò fi rinlẹ̀. Sípíkà yẹn kò lè gbé e ni. Olókùn mẹ́rin tó dára pẹ̀lú ámpù gidi ni kí ẹ fi owó yẹn rà.

Ẹ̀kẹta ló jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan yìí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi truss rod rẹ okùn sílẹ̀.

Tí a bá fa okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin béèsì débi tí ohùn wọn ti pé, agbára tí wọ́n jọ fi ń fa ọrùn síwájú máa ń tó nǹkan bíi kìlógírámù 70. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, 50 ni. Igi nìkan kò lè rọ́jú ru ìyẹn láti ọdún dé ọdún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki ọ̀pá irin sínú ọrùn kó máa fà á padà. Iṣẹ́ tí ọ̀pá yẹn ń ṣe kò jù pé kí ọrùn tẹ̀ síwájú díẹ̀ bíntín, kí okùn lè ráyè gbọ̀n. Tí ẹ bá fẹ́ kí okùn ga tàbí kó wálẹ̀, ìdí bridge, irin tí okùn so mọ́ lára gìtá, ni kí ẹ lọ, níbi tí skúrúù kéékèèké wà lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń wọn ọrùn rèé. Ẹ kọ́kọ́ fa gbogbo okùn sí ohùn wọn. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret kìíní, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, kí ẹ wá wo àlàfo abẹ́ okùn lórí fret keje. Káàdì pélébé tí àwọn oníṣòwò ń tẹ orúkọ àti nọ́mbà sí ni kó lè gba ibẹ̀ kọjá, kó sì fara kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹn jẹ́ bíi mílímítà 0.3. Káàdì ATM kọ́ o! Ti báńkì nípọn tó 0.76, mo sì ti rí ẹni tó fi wọn gìtá, tó wá ń dẹ ọrùn tó wà dáadáa tẹ́lẹ̀ títí tó fi tẹ̀ kọdọrọ.

Ojú ọjọ́ ló sì máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Lásìkò òjò, igi á mu ọ̀rinrin, ọrùn á tẹ̀ síwájú, okùn á ga láàárín. Onígìtá tí kò mọ̀ á yí truss rod ní odidi yíyí kan. Ní July, á dùn mọ́ ọn. Tí ọyẹ́ bá wá dé ní December, igi á gbẹ, ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún jàràjàrà láti fret kìíní dé ìkarùn-ún. Á ní fret ló ti jẹ, á gbé bridge sókè. Òjò tún dé, okùn tún ga, ó tún fún ọrùn. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ọ̀pá ti fẹ́ẹ̀ dé òpin ibi tó lè yí dé, "kó" kan ló kù.

Tó bá di dandan kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ dẹ okùn díẹ̀ kí ẹ tó fún un. Sọ́wọ́ ọ̀tún ń fún un, sọ́wọ́ òsì ń dẹ̀ ẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan ni, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fa okùn padà sí ohùn rẹ̀, ẹ gbé gìtá kalẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá le mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ihò mu géérégé sì ni kí ẹ lò: ti ínṣì 3/16 jẹ́ mílímítà 4.76, tí ẹ bá ki í bọ ihò mílímítà 5, á jọ pé ó wọ̀, àmọ́ ṣe ló ń jẹ igun ihò náà díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi pílíà yí i. Mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ìgbà tí ọrùn bá tó dúró ni ọ̀rọ̀ máa kan gíga okùn sí fret. Lórí fret 12, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílímítà 2.5 fún okùn tó nípọn jù àti 2 fún èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó tún ohùn fret 12 ṣe: tí ohùn tí ẹ tẹ̀ níbẹ̀ bá ga ju ti harmonic rẹ̀ lọ (ohùn tó ń jáde tí ẹ bá kàn fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́), ẹ fa saddle, irin kékeré tó gbé okùn lórí bridge, sẹ́yìn, kó jìnnà sí ọrùn, tó bá wálẹ̀ jù, ẹ tì í síwájú. Okùn tuntun ni kí ẹ fi ṣe é, torí okùn tó ti gbó kì í sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ okùn náà nìyẹn: ẹ má gé e kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ká a kó ṣẹ́ dáadáa níbi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ tó gé iwájú ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin tí wọ́n wé mọ́ ọn lè tú, okùn á sì kú kó tó dún.

Tí gìtá yín bá ń lo bátìrì fóltì 9, ẹ yọ wáyà kúrò lára rẹ̀ tí ẹ bá ti lù ú tán. Wáyà tó wà nínú ihò ló ń tan bátìrì.

Ẹ má fi gìtá sílẹ̀ nínú bóòtù mọ́tò lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ámpù. Ọmọ ìjọ kan tó ń gbé ní Houston fi ámpù béèsì kan ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń lù nígbà kan. Gbogbo wa yọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ fóltì 120 sí gàdàgbà, kò sẹ́ni tó kà á. Èmi náà wà níbẹ̀, mo tẹ̀ba, mò ń so okùn tuntun mọ́ gìtá mi, mi ò gbójú sókè. Wọ́n ki í bọ iná tiwa tó jẹ́ 240, fíùsì rẹ̀ jó lójú ẹsẹ̀. Fíùsì yẹn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ti gba ámpù là. Ẹnì kan bá lọ mú bébà fàdákà inú páálí sìgá, ó fi wé fíùsì tó jó, ó dá a padà, ó tún tanná. Èéfín tó jáde lẹ́yìn ámpù yẹn funfun, ó ń rùn bíi láílọ́nù tó ń jó. Transformer inú rẹ̀ jóná kanlẹ̀. Títí dòní ó ń dùn mí pé mi ò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ kà á kí ẹ tó ki í bọ iná. Àwọn kan ní ibi tí a ti lè yí i láti 115 sí 230. Tí tiyín kò bá ní, ẹ ra step-down, ẹ̀rọ tó ń rẹ iná 240 sílẹ̀, tí agbára rẹ̀ ju ohun tí ámpù náà ń jẹ lọ dáadáa.

Àwọn ìyókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Iye watt tó wà lára páálí kì í ṣe iye tí ámpù lè gbé. RMS, agbára tí ó lè gbé láìdáwọ́ dúró, ni kí ẹ béèrè. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń so gìtá mọ́ ámpù kọ́ la fi ń so ámpù mọ́ àpótí sípíkà, yóò gbóná. Tí ẹ bá so àpótí méjì tó jẹ́ ohm 4 ohm 4 (ohm ni a fi ń wọn ìdènà iná) mọ́ra ní parallel, tí méjèèjì jọ ń gba iná lójú kan náà, ohm 2 ló dà yẹn, ámpù tí kò lè gba ohm tó kéré ju 4 lọ lè jó. Ẹ má fi béèsì sínú ámpù gìtá líìdì kí ẹ wá gbé ohùn rẹ̀ sókè. Tí wọ́n bá fẹ́ yí iná láti jẹnẹrétọ̀ sí NEPA, ẹ pa ámpù ná, ẹ jẹ́ kí iná fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ tó tàn án padà.

Gìtá ọmọ yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi. Skúrúù ni wọ́n fi de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara, nítorí náà a lè yọ ọ́, ká fi òmíràn sí i, kó sì dún bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti wọn ibi tí ọrùn náà wọ̀. Olókùn márùn-ún ni, ínṣì 34 láti nut, ibi tí okùn gbà kọjá lápá orí ọrùn, dé bridge. Tí ẹ bá mọ ẹni tí gìtá irú ẹ̀ ti fọ́ lára, tí ọrùn rẹ̀ ṣì le, ẹ ní kó má sọ ọ́ nù, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.