Bí Mo Ṣe Ra Ọkọ̀ Kékeré Asáré Tí Táyà Rẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ń Gba Agbára

Ìṣirò owó ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ wíwò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ lọ wa ọkọ̀. Ọkàn wọn á ti fò síbẹ̀, wọn á wá padà wálé máa ronú bí iye rẹ̀ ṣe máa wọnú owó oṣù wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti fò sí ọjà kò lè ná an dáadáa mọ́, ẹni tó ń tà á sì máa ń rí i lójú rẹ̀.

Ohun tí mò ń wá kò lọ́jú pọ̀: ọkọ̀ kékeré tó lè yí nínú àyè tóóró, tí àgbàlagbà lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìká orúnkún mọ́ àyà, tó yára gan-an, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lágbára. Ìdí tí mo fi fẹ́ ti ìkẹyìn yìí ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sún mọ́ agbára ẹṣin (horsepower) 300, ó máa ń ṣòro fún táyà iwájú nìkan láti gbé e sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó tutù. Táyà á máa yí lófo, sitẹ́rìn á sì máa fà mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ kíá: agbára tó dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dúró. Gbogbo ọkọ̀ ló ti ní bíréékì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra àti ìgbà tó bá ń jáde nínú kọ́nà ni a máa ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi eré wọ kọ́nà nínú òjò nítorí pé ó ní irú ọkọ̀ yìí, kó kọ́kọ́ lọ ra táyà gidi.

Mo kọ iye tí mo lè yọ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ lóṣooṣù sílẹ̀, láìfọwọ́ kan owó ilé àti owó tí mo fi pamọ́ fún ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Iye yẹn kì í ṣe iye tí mo lè fi san ẹ̀yáwó o. Lára rẹ̀ ni inṣọ́ránsì, epo, táyà, ọ́ìlì àti àtúnṣe ti máa jáde, èyí tó bá sì kù ni báǹkì lè gbà. Irú ọkọ̀ yìí máa ń jẹun, ó yàtọ̀ pátápátá sí ọkọ̀ kékeré lásán.

Ẹ wo táyà. Nínú ọkọ̀ tó ń fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lágbára, ọ̀pá táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn so mọ́ra nípasẹ̀ differential (àkójọ jíà tó ń jẹ́ kí apá méjì lè yí ní eré tí kò dọ́gba) tàbí àwọn abala klọ́ọ̀ṣì kan láàárín. Bí táyà kan bá ya tí kò ṣeé lẹ̀, tí ẹ sì ra tuntun kan ṣoṣo sáàárín mẹ́ta tó ti jẹ, èyí tuntun tóbi díẹ̀ jù wọ́n lọ, nítorí náà ó máa ń yí díẹ̀ kù ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ohun tó wà láàárín á wá máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, á gbóná, á sì jẹ. Subaru sọ pé kí ìyàtọ̀ àyíká táyà má kọjá ìdámẹ́rin ínǹṣì kan, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 6. Nítorí èyí, táyà mẹ́rin ni mo ṣírò owó rẹ̀, mi ò ṣírò ẹyọ kan.

Epo náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí turbo ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú fẹ́ epo tí octane rẹ̀ ga, ìyẹn ìwọ̀n bí epo kò ṣe ní tètè gbiná fúnra rẹ̀. Bí ti rẹ̀ bá rẹlẹ̀, epo lè gbiná ṣáájú àkókò, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì fa agbára sẹ́yìn kó lè dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Mo ka ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí wọ́n ní dandan ni àti èyí tí wọ́n kàn dá lábàá. Ní ti inṣọ́ránsì, mo ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún mi lórí gbogbo ọkọ̀ tó wà nínú ìwé mi kí n tó lọ wa ọ̀kankan. Ọkọ̀ méjì tí iye wọn sún mọ́ra lè ní inṣọ́ránsì tó jìnnà síra gan-an, èyí nìkan sì tó láti yọ ọkọ̀ kan dànù.

Àwọn tó kù lójú mi ni Subaru WRX, Volkswagen Golf R, Audi S3 àti Toyota GR Corolla. Mitsubishi Lancer Evolution, Ford Focus RS àti WRX STI ti kúrò lórí àtẹ. Àlòkù wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ní mẹkáníìkì tirẹ̀ nílé.

Kì í ṣe iye agbára ẹṣin ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú mi. WRX tó jáde ní 2022 ní 271, Golf R ìran kẹjọ ní 315 nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, GR Corolla ní 300 láti inú ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 tí sílíńdà rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ (ohun ìyanu gbáà ni). Gbogbo wọn yára ju ohun tí ojú pópó nílò lọ. Ọ̀nà tí agbára ń gbà dé ẹ̀yìn ni mo wò.

Nínú Golf R àti S3, ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ níbùú, táyà iwájú ló sì kọ́kọ́ ń gba agbára. Klọ́ọ̀ṣì tó ní abala púpọ̀ wà lẹ́yìn; bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé ó yẹ, ọ́ìlì á tẹ àwọn abala náà pọ̀, agbára á sì dé ẹ̀yìn. Ó dà bí alábàáṣiṣẹ́ tó máa ń dìde kíákíá bí wọ́n bá pè é. Golf R ìran kẹjọ tún ní klọ́ọ̀ṣì méjì lẹ́yìn, èyí tó jẹ́ kó lè fún táyà ọ̀tún àti ti òsì ní agbára tí kò dọ́gba, ìyẹn sì ń ràn án lọ́wọ́ gan-an nínú kọ́nà. Ọ́ìlì inú irú klọ́ọ̀ṣì yìí ń fẹ́ pàṣípààrọ̀ lákòókò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù kì í béèrè rẹ̀ rárá.

GR Corolla fi yíyàn sí awakọ̀ lọ́wọ́: ní àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ẹ lè yí bọ́tìnnì sí 60 iwájú àti 40 ẹ̀yìn, 50 sí 50, tàbí 30 sí 70. Mo gbádùn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ há, búùtù rẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí púpọ̀ lọ́jà, àwọn tó ní in sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti WRX, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní gígùn, sílíńdà rẹ̀ dojú kọra ní méjì-méjì, èyí tó mú kí ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Èyí tó ní jíà ọwọ́ ń pín agbára sí méjì ọgbọọgba láti ìbẹ̀rẹ̀ nípasẹ̀ differential àárín. Kò sí pé kọ̀ǹpútà ń dúró kí táyà kọ́kọ́ yọ̀. Ohun tí ọwọ́ mi fẹ́ nìyẹn: ọkọ̀ tó ń hùwà kan náà ní gbogbo ìgbà. Ó ń mu epo, nǹkan bí lítà 11 fún kìlómítà 100, kò sì ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńlá bíi ti Golf. Ike dúdú tí wọ́n fi yí ihò táyà rẹ̀ ká lára bọ́dì kò bá mi lára mu títí di òní, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni mò ń jókòó sí.

Mo yan WRX, àlòkù tí ẹnì kan ṣoṣo ti lò. Ìtumọ̀ èyí nínú ìṣirò kò rọrùn bí ó ṣe rí lójú. Ẹni tó ra tuntun ló ti gbé ìyà ọdún àkọ́kọ́, tí iye ọkọ̀ máa ń já bọ́ jù. Àmọ́ báǹkì sábà máa ń gba èlé tó ga lórí àlòkù ju tuntun lọ, wọ́ráńtì rẹ̀ sì ti ń tán lọ. Mo fi méjèèjì sórí ìwé kan náà, àlòkù ṣì borí.

Ibi ẹ̀yáwó wá ni mo ti pẹ́ jù. Báǹkì ni mo kọ́kọ́ lọ, kí n tó bá ẹni tó ń ta ọkọ̀ sọ̀rọ̀ owó. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Báǹkì gan-an ń ṣe báyìí, ìtàn bí èèyàn ṣe san gbèsè àtẹ̀yìnwá ni wọ́n fi ń pinnu èlé. Bí wọ́n ṣe fún mi ní ìwé ìfọwọ́sí, ó ti di ohun tí mo lè fi díwọ̀n ohunkóhun tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá gbé wá.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: ṣé lórí gbèsè tó kù ni èlé ń gùn, àbí lórí gbogbo owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí gbèsè tó ń dín kù fún oṣù 60 máa mú èlé bí 188 wá lórí 1,000, owó yòówù kó jẹ́. Ìdá 7 kan náà, tí wọ́n bá ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo 1,000 ní ọdún márààrún, 350 ni. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdá 12.5 dọ́gba ní ọ̀nà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri kò yàtọ̀, ohun tó máa jáde lápò yàtọ̀.

Gígùn àkókò ni wọ́n fi ń tan ojú. Lórí 1,000 kan náà ní ìdá 7, oṣù 36 fẹ́ 30.88 lóṣù, èlé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 112. Oṣù 84 fẹ́ 15.09 péré, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ dé 268. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ kò yé bi mí pé, “Èló lẹ fẹ́ máa san lóṣù?” Mi ò dáhùn. Mo ní kó sọ iye ọkọ̀ fún mi ná, lápapọ̀, pẹ̀lú gbogbo owó ìwé. Bí ẹ bá sọ iye oṣù fún un, ó lè nà án gùn títí ohunkóhun á fi wọ̀ ọ́.

Wọ́n tún gbé èyí tí wọ́n ń fi apá kan gbèsè sí ìparí wá. Mo ṣírò rẹ̀: bí 400 nínú 1,000 bá dúró di oṣù 60, owó oṣù á wálẹ̀ sí 14.21, ṣùgbọ́n 400 yẹn ń bí èlé ní gbogbo àkókò náà, èlé àpapọ̀ á sì di 253. Ó lè dára fún ẹni tó mọ̀ dájú pé òun máa dá ọkọ̀ padà. Èmi fẹ́ kó jẹ́ tèmi.

Mo fi ìdámẹ́rin iye ọkọ̀ sílẹ̀ lówó, kí gbèsè má baà pọ̀ ju iye ọkọ̀ lọ láàárín ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ pátápátá, iye tó wà lọ́jà nígbà náà ni inṣọ́ránsì máa ń san, báǹkì kò sì bìkítà.

Kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, mẹkáníìkì tí kò mọ olùtajà náà rárá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, ó wọn bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe jẹ, ó wá àmì pé wọ́n ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Èmi náà yí sitẹ́rìn dé òpin, mo rọra ń yípo ní ibi gbalasa láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń lọ́ra tàbí ń gbọ̀n. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, differential àárín lè ti ń kú lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò gba ìkankan nínú àfikún tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ inú ẹ̀yáwó, ọ̀dà ìdáàbòbò àti wọ́ráńtì àfikún, nítorí pé ohun tó bá wọ ẹ̀yáwó, a óò san èlé lórí rẹ̀.

Èlé báǹkì ni mo lò, oṣù 48, nínú ìwé tó gbà mí láyè láti san ṣáájú láìgba owó ìtanràn. Inṣọ́ránsì ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, jíà àti differential, torí ìwé àtúnṣe kò mẹ́nu ba ti differential rárá. Mo sì kọ̀wé sí báǹkì pé bí mo bá san lé iye oṣù, kí wọ́n yọ ọ́ lára ojú owó, kí wọ́n má kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀. Àwọn kan máa ń kà á bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, ìyẹn ò sì ní jẹ́ kí èlé dín tó bó ṣe yẹ.