Owó Òjé Ju Owó Àwọ̀n Lọ: Bí Mo Ṣe Tún Àwọ̀n Tí A Jogún Ṣe

Àwọ̀n jíjù tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa kò yẹ kó jẹ owó tó jẹ. Òwú rẹ̀ ṣì le, orí rẹ̀ pé, okùn ìdìmú rẹ̀ kò já. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti tú gbogbo òjé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò. Ó ṣì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọ̀n tí kò lójé, aṣọ lásán ni. Bí ẹ bá jù ú, kò ní tètè rì, ẹja á sì ti gba abẹ́ rẹ̀ lọ.

Fífọ̀ kò gba àlàyé: omi àti ọṣẹ, ẹ má fi bíliìṣì sí i, kí ẹ sá a síbi òjìji, torí oòrùn a máa jẹ náílọ́ọ̀nù. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí, ẹ dán òwú rẹ̀ wò. Ẹ di ojú àwọ̀n kan mú ní ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ fà á gidi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí, láàárín àti lẹ́sẹ̀. Bó bá ń já wẹ́rẹ́ níbi púpọ̀, ẹ gbé e kọ́ sílé fún ìrántí, ẹ má ra nǹkan kan sí i.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò òjé. Àwọ̀n tó gùn ní mítà 2 láti orí dé ẹsẹ̀, tí ẹ bá tẹ́ ẹ rogodo sílẹ̀, etí rẹ̀ á yí ká tó mítà 12 àti ààbọ̀. Bí òjé kan bá fi ìka mẹ́rin jìnnà sí èkejì, bíi sẹ̀ǹtímítà 7, òjé tó sún mọ́ 180 ni yóò gbà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wọn gíráàmù 25, kílò 4 àti ààbọ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí owó òjé nìkan fi ju ti òwú, abẹ́rẹ́ tí a fi ń hun àwọ̀n àti okùn ẹsẹ̀ tuntun (okùn etí àwọ̀n tí òjé ń jókòó sí) lápapọ̀.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dúró sójú kan ni pé ẹni tó ta òjé fún mi ní Ìlọrin da irin wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn wọ́n, wọ́n sì jọra lójú. Irin kì í ṣe òjé! Bí méjèèjì bá tóbi bákan náà, ìwọ̀n irin kò ju nǹkan bí ìdá 7 nínú 10 ti òjé lọ. Apá tí irin bá pọ̀ sí á kẹ́yìn bí àwọ̀n bá ń rì, ibẹ̀ náà ni ẹpìyà máa ń gbà sá. Tó bá yá, irin á dógùn-ún, ara rẹ̀ á rí ṣákaṣàka, á sì máa họ okùn títí okùn yóò fi já. Mo dá a padà, ọlọ́jà ní ọjà tí òun bá ti tà kì í padà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà fún apẹja Odò Ọya ní Jẹ́bà ni mo ti wá rí ojúlówó, lówó tó tún lé.

Nítorí náà, ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́ dání lọ sọ́jà. Òjé kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ìṣó họ ọ́: ojú ibi tí ẹ họ á tàn bíi fàdákà, bí ẹ bá sì fi fa ìlà lórí bébà, á fi àmì eérú sílẹ̀. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má sì ju okùn ẹsẹ̀ àtijọ́ nù. Bàbá Kékeré, àbúrò olóògbé, ni wọ́n kọ́ mi ní èyí. Ibi tí òjé ti jókòó lára okùn náà funfun, ibi tó kù ti dúdú. A na ti àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a fi èédú sàmì, a sì mú òjé tí wọ́n là lójú, a fi ẹ̀mú fún un mọ́ okùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni n ó kọ́kọ́ gbé àwọ̀n lọ, kí n tó ra ohunkóhun.

Òwú títún ihò ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù. Ẹ gé e díẹ̀ sínú ife omi, kí ẹ fi ọwọ́ rì í mọ́lẹ̀: náílọ́ọ̀nù á rì, èyí tó bá tún léfòó kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Ẹ gé etí ihò títí ẹ ó fi rí kókó kan tí òwú mẹ́ta jáde lára rẹ̀ lókè àti òmíràn nísàlẹ̀. Ti òkè ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ni ẹ ó parí sí. Pátákó pẹlẹbẹ tí ẹ ó fi wọn ojú àwọ̀n, ìdajì gígùn ojú náà nígbà tí ẹ bá fà á le ni kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Inú mi dùn pé Bàbá Kékeré fa àwọn kókó tí mo ta, ọ̀kan kò yọ̀.

Àsìkò Iléyá tí gbogbo ilé pé ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọdé ni kó máa wé òwú sí abẹ́rẹ́, ọ̀nà náà sì ni ẹ ó fi gbọ́ ohun tí àwọn àgbà kì í ráyè sọ, irú bí odò tí olóògbé ti ń pẹja àti ìdí tí wọ́n fi yan irú ojú àwọ̀n yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan òjé, ẹ má sì yọ́ ọ nínú ilé. Òjé ló pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó jẹun, ẹ fọṣẹ fọwọ́.

Kí ẹ tó gbé e lọ sí odò Àsà, ẹ kọ́kọ́ jù ú lórí koríko gbígbẹ. Bí apá kan bá wọra jọ tí kò tẹ́, ẹ wo òjé ibẹ̀: ó lè dín, ó sì lè jẹ́ pé okùn ẹsẹ̀ ló fún jù níbẹ̀. Ẹ tú bíi mítà kan níbẹ̀, kí ẹ tún un so.