Bí A Ṣe Lè Ran Ọmọ Tí Ariwo, Aṣọ Tàbí Ìfọwọ́kàn Ń Dà Láàmú Lọ́wọ́

Bí ọmọ kan bá ń bú sẹ́kún nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọṣọ fún un, tó ń di etí bí ẹ̀rọ bá dún, tàbí tó ń fò sókè sódò tó sì ń fi ara gbá ògiri, kì í pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní olóríkunkun. Ibòmíràn ni occupational therapist, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ kó lè máa wọṣọ, kó máa jẹun, kó sì máa kàwé bó ṣe yẹ, ti ń bẹ̀rẹ̀: ó ń wo bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń gba ohun tí ara rẹ̀ ń bá pàdé. A. Jean Ayres, ará Amẹ́ríkà tó ṣe iṣẹ́ yìí, ló gbé ìlànà náà kalẹ̀, tó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1972.

Yàtọ̀ sí ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara, ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà tí ọpọlọ fi ń gbọ́ ìròyìn. Inú etí lọ́hùn-ún ló ń sọ bí orí ṣe ń yí. Iṣan àti oríkèé ló ń sọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà. Àwọn ẹ̀yà inú ló sì ń sọ pé ebi ń pa wá, pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wá, tàbí pé àyà wa ń lù kì-kì-kì. Ọmọ tí kì í tètè gbọ́ ìròyìn ìkẹyìn yìí lè má mọ̀ pé inú òun ti ń ru títí yóò fi bú jáde.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ ọmọ náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kété kó tó fara ya sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó mú kó rọ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ lè kéré gan-an. Bí ó bá ń fa ọrùn ẹ̀wù ya, ẹ yí ẹ̀wù náà sódì, kí ẹ fi ìka tọ lébẹ́ẹ̀lì àti ojú rírán tó wà lẹ́yìn ọrùn. Ẹ lè rí i pé ó le, ó sì ń họni lára. Ẹ fi suuru tú òwú rẹ̀, ẹ má ṣe fi sísọ́ọ̀sì gé e, nítorí kùkùté tó bá ṣẹ́ kù lè gún ọmọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lójú tèmi, ohun tí a bá ṣe ṣáájú ìbínú ló ń ṣiṣẹ́ jù. Iṣẹ́ tó ń mú iṣan àti oríkèé lo agbára máa ń mú kí ara ọ̀pọ̀ ọmọ balẹ̀: kí ó gbé bákẹ́ẹ̀tì tí omi dé ìdajì, kí ó ti àga tó wúwo, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri, tàbí kí ó rá kòrò. Ẹ fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe é kí ẹ tó ní kó jókòó kàwé, kí ẹ má ṣe fi dúró de ìgbà tó bá ti ń pariwo. Mímì síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n yíyí pọ̀ọ̀yì gba ìṣọ́ra. Bí ojú ọmọ bá funfun, bí ó bá ń làágùn tàbí bí èébì bá ń gbé e, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ bá a níwájú, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì di í mú gírí, nítorí ìfọwọ́kàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sábà ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú. Ní ti bùláńkẹ́ẹ̀tì wíwúwo tí wọ́n ń polówó kiri, ẹ má ṣe fi bo ìkókó láé, tàbí ọmọ tí kò lè ṣí i kúrò fúnra rẹ̀.

Bí ọmọ náà bá ti fara ya tán, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ àti ariwo kù, ẹ jókòó nítòsí, kí ọ̀rọ̀ yín má sì pọ̀, torí kò sí ẹ̀kọ́ tó lè wọ̀ ọ́ létí ní àkókò náà. Nígbà tó bá rọ̀ ni kí ẹ kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Àwọ̀ mẹ́rin ni ìlànà kan tí Leah Kuypers gbé jáde ní 2011 ń lò: àwọ̀ ojú ọ̀run fún àárẹ̀ tàbí ìbànújẹ́, àwọ̀ ewé fún ìfọ̀kànbalẹ̀, yẹ́lò fún ìgbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, pupa fún ìgbà tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́. Kí àgbàlagbà kọ́kọ́ máa sọ tirẹ̀, ọmọ yóò tètè kọ́ ọ.

Bí ọmọ kò bá jẹun tó, bí kò bá rí oorun sùn, tàbí bí ó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, kí ó sì júwe occupational therapist fún yín. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé ìwádìí lórí irú ìtọ́jú yìí kò tíì pọ̀, pé kí ìdílé wá máa wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ tiwọn. Nítorí náà, ẹ fẹnu kò pẹ̀lú therapist náà lórí ohun kan pàtó tí ojú lè rí, bíi kí ọmọ fọ eyín láìsunkún, kí ẹ dá ìgbà tí ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì béèrè pé kí ó yí ọ̀nà padà bí kò bá sí àyípadà nígbà tí ọjọ́ náà bá pé.